Àlìkámà, oúnjẹ àti ìlera: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

Ọ̀rọ̀ àlìkámà ti di iyàn jíjà. Ẹnìkan á ní òun jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ara òun sì fúyẹ́. Ẹlòmíràn á ní dókítà ló sọ fún òun pé kí òun máa jẹ odindi ọkà. Àwọn méjèèjì lè jàre. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo ti kà, ohun kan ló ń padà wá bá mi: kí a tó béèrè bóyá àlìkámà dára, ó yẹ ká béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti oko dé orí àwo.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń dààmú lórí àlìkámà tó báyìí?

Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló pọ̀. Bí a bá kó gbogbo agbára tí aráyé ń rí nínú oúnjẹ jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń ti ara àlìkámà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti purotéènì. Bí ohun kékeré kan bá yí padà nínú hóró rẹ̀, á dé ara ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí.

Ewéko náà sì díjú. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kì í ṣe ọmọ ewéko kan ṣoṣo, mẹ́ta ló para pọ̀ di í. Koríko ìgbẹ́ méjì ló kọ́kọ́ gun ara wọn ní Ààrin Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, ohun tó tibẹ̀ jáde sì ni emmer tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ń gbìn. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, emmer náà tún pàdé koríko kẹta. Ìdí nìyẹn tó fi ní kromosómù (okùn tí àbùdá wà lára rẹ̀) 42, nígbà tí einkorn, ìbátan rẹ̀ àtijọ́, ní 14 péré. Àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ gùn tó ti ènìyàn lọ́nà márùn-ún. Wọ́n ti ka ti ìrẹsì tán ní 2005. Ti àlìkámà, ó di 2018 kí àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó gbé èyí tó ṣeé gbára lé jáde.

Kí ló wà nínú hóró kan?

Ẹ fi ọ̀bẹ mímú la hóró kan sí méjì. Èèpo pupa rẹ́súrẹ́sú ló bò ó yíká. Òun kó nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Inú rẹ̀ tó funfun kó nǹkan bí ìdá 83. Ní ìdí rẹ̀ pátápátá ni ọmọ tó fẹ́ hù jókòó sí, kò sì ju ìdá 2 sí 3 lọ. Inú funfun yẹn ni oúnjẹ tí ìyá tọ́jú de ọmọ: sítáàṣì àti purotéènì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ fáíbà, irin, síńkì, fítámì B àti fítámì E wà ni èèpo àti ọmọ náà.

Bí ẹ̀rọ ìlọta bá ti bó èèpo kúrò, tó yọ ọmọ dànù, ìyẹ̀fun á funfun, á sì pẹ́ kó tó bàjẹ́, torí òróró inú ọmọ yẹn ló máa ń kan. Èrè rẹ̀ nìyẹn. Àdánù rẹ̀ pẹ́ kó tó hàn sí ẹnikẹ́ni, adìyẹ ló sì tú àṣírí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1890, ní erékùṣù Java, Christiaan Eijkman tó jẹ́ dókítà ará Netherlands rí i pé àwọn adìyẹ tí wọ́n ń fi ìrẹsì tí wọ́n ti bó funfun bọ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, bíi ti àwọn tó ní àrùn beriberi gẹ́lẹ́. Wọ́n fún wọn ní ìrẹsì tí a kò bó, wọ́n bá dìde. Ohun tó wà nínú eèrí tí wọ́n ń dà nù la wá mọ̀ sí fítámì B1. Eijkman wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

Kí ni gluten gan-an?

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i ní ilé ìdáná. Ẹ fi omi díẹ̀ po ìyẹ̀fun àlìkámà kó le, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá máa rún un nínú abọ́ omi bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ ọwọ́. Omi náà á funfun bíi wàrà, sítáàṣì nìyẹn. Ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ omi bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín á dà bíi rọ́bà, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ti eérú. Ẹ fà á, á nà. Ẹ fi í sílẹ̀, á súnkì. Gluten rèé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ìkánjú ò jẹ́ kí n dúró kó sinmi, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ.

Jacopo Beccari ti ṣe irú nǹkan yìí ní ìlú Bologna láti 1728. Ohun tí a mọ̀ kún un ni pé oríṣi purotéènì méjì ló so kọ́ra nínú rẹ̀: gliadin ń jẹ́ kó nà, glutenin ń jẹ́ kó súnkì padà. Àwọn méjèèjì ló ń mú afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú sílẹ̀ mọ́lẹ̀, tí búrẹ́dì fi ń wú. Ìrẹsì àti àgbàdo ní purotéènì tiwọn, àmọ́ wọn kì í so kọ́ra báyìí.

Ṣé gluten burú fún gbogbo ènìyàn ni?

Rárá o. Àwọn tó burú fún ni àwọn tó ní àrùn celiac, nǹkan bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Lára wọn, àwọn ọmọ ogun ara á rí gluten bí ọ̀tá, wọ́n á gbógun tì í, ṣùgbọ́n ara ìfun fúnra rẹ̀ ni ọta ń bà. Inú ìfun kékeré dà bí aṣọ ìnura tí irun rẹ̀ ṣì pé. Irun yẹn ní í fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí irun náà bá ti jẹ tán, ènìyàn á máa jẹun yó, ara rẹ̀ ò sì ní rí oúnjẹ náà lò. Ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ tí kò dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò gbọ́ oògùn, egungun tó ń tètè kán: gbogbo wọn lè jẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ló wà nídìí rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Netherlands, ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Nígbà òtútù 1944 wọ 1945, ogun sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n níbẹ̀, búrẹ́dì di àwátì. Ebi ń pa gbogbo ìlú, àmọ́ ara àwọn ọmọ tó ní celiac ń yá. Ìgbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ó kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ sínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950.

Títí di òní, ìtọ́jú tó wà náà ni kí ẹni tó ní in yẹra fún àlìkámà, ọkà bálì àti ọkà rye ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá kọ sí lára pé kò ní gluten kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan lọ, gẹ́gẹ́ bí Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ.

Mo fura pé mo ní in. Ṣé kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú búrẹ́dì ná?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó jáwọ́. Àmì tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá máa ń pòórá tí gluten kò bá wọlé mọ́, ìfun náà á máa jinná, dókítà ò wá ní rí ohun tó máa dì mú. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ jù lọ, ó sì máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà ọdún púpọ̀.

Wọ́n ní mi ò ní celiac, síbẹ̀ tí mo bá jẹ búrẹ́dì, inú mi á wú. Ṣé mò ń tan ara mi ni?

Ẹ ò tan ara yín. Ó kàn ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ̀ ń bá wí. Yàtọ̀ sí gluten, àlìkámà ní fructan, ohun kan tó bá ṣúgà tan tí ìfun ènìyàn ò lè dà. Àlùbọ́sà àti aáyù náà ní in. Á kọjá lọ sí ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìrí ibẹ̀ á fi ṣe àríyá, afẹ́fẹ́ á sì kún inú.

Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Norway gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 59 tí wọ́n ti fúnra wọn jáwọ́ nínú gluten láìní celiac. Wọ́n fún wọn ní ìpápánu mẹ́ta tí wọ́n jọra, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Gluten wà nínú ọ̀kan, fructan wà nínú èkejì, ẹ̀kẹta ò ní ìkankan. Wọn ò sọ fún wọn pé èyí ni èyí. Fructan ló yọ wọ́n lẹ́nu jù. Ti gluten kò yàtọ̀ sí ti èyí tí kò ní nǹkan kan.

Ìyẹn ló mú kí iye wákàtí tí wọ́n fi jẹ́ kí búrẹ́dì kan ṣe pàtàkì. Bí ìwúkàrà bá pẹ́ nínú rẹ̀, á jẹ púpọ̀ nínú fructan yẹn. Ẹnìkan lè máà rọ́jú jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi wákàtí kan ṣe, kó sì jẹ èyí tó sùn di ọjọ́ kejì láìsí wàhálà. Àmọ́ o, bí ara bá ń lé tàbí èémí ń há lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ tètè rí dókítà.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti ba àlìkámà òde òní jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí òótọ́ àti àsọdùn ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ewéko náà yí padà. Àlìkámà àtijọ́ ga. Tí wọ́n bá fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, orí rẹ̀ á wúwo, á sì ṣubú lulẹ̀ kí wọ́n tó kórè. Norman Borlaug, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mẹ́síkò ní 1944, mú oríṣi kúkúrú kan tó wá láti Japan, Norin 10, gun àwọn àlìkámà mìíràn, ó bí àwọn àlìkámà kúkúrú tí í gbé orí wúwo dúró. Ìkórè ga lọ fíofío, Borlaug sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1970. Mímú oríṣi kan gun òmíràn nínú oko ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí pé wọ́n ki àbùdá ohun mìíràn bọ̀ ọ́.

Ṣé gluten wá pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀? Ní Jámánì, wọ́n gbin oríṣi 60 tí wọ́n ti gbé jáde láàárín 1891 sí 2010 sójú kan náà, wọ́n wọ̀n wọ́n. Gluten kò yí padà. Gliadin, tí wọ́n máa ń dá lẹ́bi jù, dín díẹ̀. Glutenin lé díẹ̀. Iye òjò tó rọ̀ lọ́dún tí wọ́n gbìn ín tilẹ̀ nípa ju ọjọ́ orí irúgbìn lọ.

Ibi tí mo ti gbà pé nǹkan sọnù ni ti èròjà ilẹ̀. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko kan wà tó ń jẹ́ Broadbalk, wọ́n ti ń gbin àlìkámà síbẹ̀ láti 1843, wọ́n sì ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú ìkórè. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn ìgò wọ̀nyẹn, tí wọ́n wọn ohun tó wà nínú ọkà náà, ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé síńkì, irin, copper àti magnesium dúró bákan náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, títí di àárín àwọn ọdún 1960. Ìgbà tí àwọn oríṣi kúkúrú wọ oko ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò, ilẹ̀ kò ṣá. Ọkà ló pọ̀ sí i, èròjà tó wọ inú hóró kọ̀ọ̀kan ni kò bá a pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní wọ́n bà á jẹ́ sọ àsọdùn. Ẹni tó ní kò sí ohun tó yí, òun náà ò tíì ṣí ìgò wò.

Odindi ọkà ńkọ́? Ṣé ó sàn ju ìyẹ̀fun funfun lọ?

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, ó sàn. Ìwádìí kan tí àjọ WHO ní kí wọ́n ṣe, tó jáde ní 2019, kó ìwádìí 185 tí wọ́n fi tẹ̀ lé ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ jọ, pẹ̀lú ìdánwò 58. Láàárín àwọn tó ń jẹ fáíbà púpọ̀, ikú, àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì àti jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Gíráàmù 25 sí 29 lójúmọ́ ni wọ́n rí i pé ó dára.

Ṣùgbọ́n èèpo náà ní ìjà tirẹ̀. Phytate wà nínú rẹ̀, tí í di síńkì àti irin mú kí ara má baà rí wọn gbà. Ní 1958, Ananda Prasad, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Shiraz ní Iran, rí ọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó dà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Búrẹ́dì tí kò ní ìwúkàrà ni oúnjẹ rẹ̀, bóyá ló ń fojú kan ẹran, amọ̀ ló sì ń jẹ kún un. Ibẹ̀ ni òye ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé pé àìtó síńkì lè máà jẹ́ kí ènìyàn dàgbà bó ṣe yẹ. Síńkì wà nínú búrẹ́dì rẹ̀ o! Phytate ló tì í mọ́lé. Tí ìyẹ̀fun bá kan dáadáa, púpọ̀ nínú phytate á tú ká. Odindi ọkà tó kan ni mo fara mọ́, pàápàá fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju ọkà lọ.

Mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n sáré bọ́ sídìí búrẹ́dì odindi ọkà?

Ẹ má sáré. Bí ṣúgà ṣe ń yára wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní òṣùwọ̀n fún un, glucose fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 100. Búrẹ́dì funfun wà ní nǹkan bí 75, ti odindi ọkà tí wọ́n lọ̀ kúnná wà ní 74. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Spaghetti funfun, tí àlìkámà ni wọ́n fi ṣe é, wà ní nǹkan bí 49. Ohun tó fa èyí ni pé spaghetti ki, kò ní afẹ́fẹ́ nínú, ẹ́ńsáìmù tó ń da oúnjẹ kì í tètè ráyè wọlé. Hóró tó ṣì wà lódindi tàbí tó kàn fọ́ díẹ̀ nínú búrẹ́dì á ràn yín lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ńlá tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá lọ. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó yí nǹkan padà, àgàgà tí ẹ bá ń lo oògùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi fítámì sínú ìyẹ̀fun?

Wọ́n ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n yọ ni. Ṣùgbọ́n folic acid, irú fítámì B kan, ṣe ju ìyẹn lọ. Ìdánwò ńlá kan tó parí ní 1991 lo àwọn obìnrin tí wọ́n ti lóyún ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò dì rí. Láàárín àwọn tó lo folic acid, irú rẹ̀ fi ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Oyún sì máa ń ti wà kí obìnrin tó mọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pá ẹ̀yìn ń dì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sínú ìyẹ̀fun dípò kí wọ́n dúró de oògùn. Amẹ́ríkà àti Kánádà sọ ọ́ di dandan ní 1998.

Ṣé ojú ọjọ́ tó ń yí padà kan oúnjẹ inú ọkà náà?

Ó kàn án. Carbon dioxide tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ewéko kó sítáàṣì jọ, èròjà yòókù ò sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbin àlìkámà sínú oko gbangba tí wọ́n ń fẹ́ gáàsì yìí sí, dé ìwọ̀n tí a lè bá pàdé kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Àbájáde tó jáde ní 2014 ni pé síńkì inú rẹ̀ fi ìdá 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín, irin fi 5.1, purotéènì fi 6.3. Ojú kò lè rí i. Ọkà náà á tutù yọ̀yọ̀ lóko bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sin àlìkámà tó ní síńkì púpọ̀ ti ń bá èyí sáré, irú rẹ̀ sì ti wà lóko ní Íńdíà àti Pakistan.

Ṣé àlìkámà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ní láàbù ti wà lọ́jà?

Ọ̀kan wà, HB4, tí wọ́n fi àbùdá òdòdó sunflower sí kó lè fara da ọ̀dá. Ajẹntínà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní 2020. Ní Rothamsted kan náà, wọ́n gbin àlìkámà tí wọ́n fi CRISPR, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gé àbùdá, tún ṣe ní 2021 kí asparagine inú rẹ̀ lè dín kù. Asparagine yìí ló máa ń di acrylamide tí búrẹ́dì bá jóná, ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko. Kó tó dé ọjà, ẹ má sun búrẹ́dì yín dúdú.

Àwọn ọkà yòókù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ ju ibí lọ, mo máa mú mẹ́ta. Ọkà òótì àti ọkà bálì ní fáíbà kan, beta-glucan. Gíráàmù 3 rẹ̀ lójúmọ́ máa ń mú cholesterol burúkú wálẹ̀ díẹ̀.

Àgbàdo ní niacin, irú fítámì B kan, àmọ́ ó há mọ́ ibi tí ara ò lè dé. Àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ máa ń se é nínú omi eérú tàbí omi ẹfun, ìyẹn sì ń tú u sílẹ̀. Àgbàdo dé Yúróòpù, ọgbọ́n náà ò bá a dé. Pellagra bá bẹ́ sílẹ̀, àrùn tí í bó awọ, tí í da orí rú. Ó dé gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí Joseph Goldberger ti fi hàn lẹ́yìn 1914 pé àìjẹunre-kánú ló fà á, kì í ṣe àkóràn.

Ẹ̀kẹta ni àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá hu. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó ti hu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ aflatoxin. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè lásán kì í sì í pa á. Ẹ sá ọkà yín kó gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Èyí tó bá ti hu, ẹ dà á nù.

Lónìí wọ́n ní ká jẹ ẹ́, lọ́la wọ́n ní ká má jẹ ẹ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ béèrè pé: kí ni wọ́n fi wé kí ni? Ẹni tó ń jẹ odindi ọkà sábà máa ń rìn dáadáa, kì í sì í mu sìgá. Ó ṣòro láti mọ èyí tó ṣe é lóore nínú gbogbo rẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n pín ènìyàn sí méjì láìṣojúsàájú, bíi ti folic acid, ló ń já irú okùn yẹn. Bí ẹni tó ń ta ọkà bá ló sanwó ìwádìí, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di irọ́, àmọ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Búrẹ́dì mi dúdú díẹ̀. Ṣé odindi ọkà nìyẹn?

Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣúgà tí wọ́n sun lè pa á láró. Ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà wò: ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, odindi àlìkámà ló sì yẹ kó wà níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fáíbà àti káábọ́háídíréètì rẹ̀. Bí káábọ́háídíréètì bá jẹ́ gíráàmù 40, kí fáíbà má dín ní 4. Tó bá jẹ́ 1 ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.